Màmá Zorka Tí Kò Fẹ́ Búra

Ní ìlú wa, Tullabeen, bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú àti ẹni tó kàn ń kọjá lọ, bi í léèrè ọ̀rọ̀ Màmá Zorka àti ajá Alága. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, tiwa ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, ooru mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Èèyàn mọ́kànlá jókòó sí iwájú nínú gbọ̀ngàn káńsù, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù lọ tí wọ́n ní, wọ́n ń retí kí wọ́n di ọmọ onílùú Ọsirélíà. Merv Haddrill, tó ti jẹ Alága káńsù pẹ́ débi pé a ti gbàgbé ẹni tó ṣáájú rẹ̀, gbé ṣéènì oyè kọ́rùn, òógùn ń dà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ nípa odò wa, ó ti sọ̀rọ̀ nípa èso píìṣì inú oko wa, ó wá kan ìbúra. Ó ní kí àwọn àlejò dìde, kí wọ́n máa sọ ọ́ tẹ̀ lé òun. Wọ́n dìde. Ó dé ibi tí wọ́n ti máa sọ pé àwọn yóò pa òfin ilẹ̀ náà mọ́, ni ohùn kan bá bú jáde láti ilé ìdáná:

"Dúró ná! Òfin wo?"

Gbogbo orí yí padà. Màmá Zorka ló yọrí láti ojú fèrèsé tí wọ́n ń gbà gbé tíì síta, épírónì láyà, ọ̀bẹ kéèkì lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Alága wí, "ẹnu ìbúra la wà yìí."

"Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Bí wọ́n bá ti búra tán, ó ti bọ́ sí wọn lọ́rùn. Òfin wo? Mélòó ni?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ìwọ ti kà á tán?"

Merv wo Noreen Tuckwell, akọ̀wé káńsù, bí ọmọ iléèwé tí kò kàwé ṣe ń wo ẹni tó jókòó tì í lọ́jọ́ ìdánwò. Noreen wo ilẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó lè kà á tán, Màmá."

"Ẹ gbọ́ o! Kò kà á, ó ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa búra sí i. Ó dáa, ká mú ẹyọ kan péré. Òfin tó ní kí ajá gbogbo ní nọ́ńbà káńsù lọ́rùn, ṣé ò ń pa á mọ́?"

Ajá Merv, tó ń jẹ́ Duchess, nà gbalaja sábẹ́ tábìlì tí wọ́n to ìwé ẹ̀rí lé, bó ṣe máa ń ṣe níbi ayẹyẹ gbogbo. Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo ọrùn rẹ̀. Ọrùn náà mọ́ fónífóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kò sí ohun tí Merv lè ṣe. Ó fa Duchess jáde, òun àti Noreen wọ ọ́fíìsì lọ, ó kọ fọ́ọ̀mù, ó fọwọ́ sí i, wọ́n gbé nọ́ńbà kọ́ ajá lọ́rùn, wọ́n sì padà wá. Àwọn mọ́kànlá ṣì wà lórí ìdúró. Màmá Zorka yẹ nọ́ńbà náà wò, ó fi ọ̀bẹ kéèkì júwe pé kí wọ́n máa bá a lọ. Bí a bá wá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ẹ̀dá méjìlá ni ìjọba gbà wọlé lọ́jọ́ náà, ajá ló sì kọ́kọ́ gbàwé.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé obìnrin yìí fúnra rẹ̀ kò búra rí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló lò láàárín wa kó tó di pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òun ló ń ṣe kéèkì àti tíì fún gbogbo ayẹyẹ ọmọ onílùú tuntun, lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko. Ó ti rí i tí àwọn Gíríìkì búra, tí àwọn ará Fíétínáàmù búra, tí àwọn ará Filipíínì búra, àní àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí o bá bi í pé òun ńkọ́, á ní, "Mò ń ṣọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣé ẹni tó ń ṣọ́ ilé máa ń lọ sùn ni?"

Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ náà. Istria ni wọ́n bí i sí, ilẹ̀ kan lẹ́bàá òkun tó jẹ́ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ìjọba ló ń rìnrìn àjò. Àwọn Ítálì ló wà lórí oyè lọ́jọ́ ìkómọ. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Zorka, tí í ṣe ìdájí. Akọ̀wé ní òun kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, ó kọ Aurora. Ìjọba mìíràn dé, wọ́n ní Aurora kẹ̀? Wọ́n tún un kọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀gá kan wo orúkọ ìdílé rẹ̀, Brajković, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ "Zoe Brake". Bíréèkì! Bí ti mọ́tò. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ lòun ń sọ, torí kò sí ohun tó ń lọ geere ní Tullabeen tí obìnrin yìí kò dá dúró.

Wo ti igi. Káńsù máa ń fún ọmọ onílùú tuntun kọ̀ọ̀kan ní igi ìbílẹ̀ kékeré kan nínú ìkòkò, kó lọ gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Àwa kò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Màmá Zorka rí i.

"Noreen, kí ni igi yìí ń so?"

"Òdòdó ni, Màmá. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè."

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Rárá o."

"Ìjọba wo ló ń fún èèyàn ní ohun tí kò ṣeé jẹ, tó wá ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ayẹyẹ wáyé, ó da ìkòkò mẹ́sàn-án délẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó tú erùpẹ̀ wọn wò. Ekòló kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí ekòló fi wọlẹ̀ lọ. Ó tún wọn gbìn padà, ṣùgbọ́n ó ki ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan bọ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ní ká má baà fi òdòdó tan ebi jẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́dọọdún. Lónìí, igi ọ̀pọ̀tọ́ wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ẹni tó ti òkèèrè wá sí ìlú wa, káńsù sì ń kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé igi ìbílẹ̀ ń ṣe dáadáa.

Nídìí tábìlì kéèkì ni ìdánwò gidi wà. Èyí tí ìjọba ń ṣe nílùú ńlá, eré ọmọdé ni. Giles Thackray, oníṣègùn eyín tó ti Ìlú Ọba wá, búra tán, ó na ọwọ́ sí kéèkì. Màmá Zorka fa àwo náà sẹ́yìn.

"Kí lo ṣe?"

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Nílé yín lọ́hùn-ún. Èèyàn kì í fi Ìlú Ọba sílẹ̀ wá sí Tullabeen lásán. Kí lo ṣe?"

"Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe."

"Mo mọ iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni mò ń béèrè."

Giles rẹ́rìn-ín. Màmá Zorka kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó ṣáá ni, àwo kéèkì láàárín wọn, ìlà sì ń gùn lẹ́yìn. Ojú oníṣègùn eyín bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé òun ri ọkọ̀ ojú omi bàbá ìyàwó òun sínú adágún omi, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́.

"Bàbá náà ńkọ́? Ibo ló wà?"

"Inú ọkọ̀ ni."

"Ó kú?"

"Rárá. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ẹn-ẹn! Ìdí tí o fi sá nìyẹn." Ó gé kéèkì méjì fún un, ó sì kí i káàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, Giles nìkan ni dókítà tí Màmá Zorka ń ya ẹnu fún láìkọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè ọkọ. Kò ní ọkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò rẹ́ni fẹ́ ẹ. Clarrie Munt ń ṣiṣẹ́ níbi ẹ̀rọ tó ń fa omi odò sínú oko. Ó ń gbé apẹ̀rẹ̀ píìṣì wá fún un ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Màmá Zorka máa ń gé èyí àkọ́kọ́ sí ọ̀nà mẹ́jọ kó tó jẹ ẹ́.

"Kí ni ọkùnrin yìí ń wá gan-an?" ló ń bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó ni, Zorka."

"Orúkọ tó ń pè é nìyẹn. Kí ló ń wá?"

Ní ọdún kẹsàn-án, Clarrie bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kó fẹ́ òun. Màmá Zorka bi í pé ta ló lè jẹ́rìí rẹ̀ láti kékeré. Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ gbé ìyá rẹ̀ wá, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Màmá Zorka fọ̀rọ̀ wá ìyá náà lẹ́nu wò fún odidi wákàtí méjì. Nígbà tí ìyá jáde, ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Clarrie, ọmọ mi, wá ẹlòmíràn."

Clarrie kò wá ẹlòmíràn. Ó ra ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá Zorka, ó yọ pákó mẹ́ta kúrò lára ọgbà tó wà láàárín wọn, ó sì gbé pákó gbọọrọ kan dábùú rẹ̀ bíi tábìlì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nídìí pákó yẹn, òun lápá tirẹ̀, Màmá Zorka lápá tirẹ̀. Nígbà tí a sin Clarrie, gbogbo wa lọ sílé, Noreen nìkan ló padà síbi sàréè nítorí agbòòrùn rẹ̀ tó gbàgbé. Ó bá Màmá Zorka lórí ìdúró, ó ń bá sàréè náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo ń sọ, Clarrie. Ìyàwó náà lò ń wá."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Qurban.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan, Màmá Zorka ń fọ ife nígbà tó rí ọkùnrin kan lójú fèrèsé, lábẹ́ igi, nítòsí agolo ìdọ̀tí káńsù. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó sì ń wo ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn bí ẹni tó fẹ́ jí i gbé lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, á gbé mẹ́ta sẹ́yìn. Màmá Zorka kò pe ẹnì kankan. Ó mú ìgbálẹ̀ onígi gbọọrọ, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó yọ sí i lójijì.

"Ta lò ń ṣọ́?"

Ọkùnrin náà fò sókè. "Mi ò ṣọ́ ẹnì kankan, Màmá."

"Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ bó o ṣe ń ṣọ́ wa. Kí lorúkọ rẹ?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?"

Màmá Zorka gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú wa, kò tíì rí ẹni tó dá a lóhùn bí ọmọlúàbí tó báyìí.

Ó mú un wọ ilé ìdáná, ó ju aṣọ ìnuwọ́ sí i pé kó máa nu ife. Ibi tí wọ́n ti ń nu ife ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Qurban Ali lorúkọ rẹ̀, ẹ̀yà Hazara ni láti Afganísítànì, ó ń di píìṣì sí páálí lẹ́yìn ìlú. Ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kó di ọmọ onílùú. Ìbúra nìkan ló kù. Aya rẹ̀, Masuma, àti ọmọbìnrin wọn méjì wà ní Quetta, ìlú kan lẹ́yìn ààlà ilẹ̀ wọn, láti ọdún mẹ́fà, wọ́n ń dúró. Bí kò bá tíì di ọmọ onílùú, ìwé tó fi ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn yóò máa wà nísàlẹ̀ òkìtì ìwé ni. Lẹ́tà sì wà lápò rẹ̀ tó sọ pé bí ọdún náà bá parí tí kò búra, wọ́n lè fagi lé gbogbo rẹ̀.

"Kí ló wá dè ọ́ mọ́ ìdí agolo ìdọ̀tí?"

Qurban nu ife kan, ó tún un nù. "Màmá, nílùú wa, wọ́n kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn kan lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan dúró síwájú pẹ̀lú ìwé, ó ń pe orúkọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn." Ó gbé ife náà sílẹ̀. "A kò tún rí i títí dòní."

Omi ń kán nínú ẹ̀rọ. Màmá Zorka ní, "Ti bàbá mi, iyọ̀ ni. Wọ́n ní kó wá fọwọ́ síwèé gba iyọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọdún mẹ́ta ló lò níbi tí wọ́n mú un lọ. Nígbà tó dé, kò mú iyọ̀ kankan bọ̀."

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n tẹ́ lẹ́tà ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì fi gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá kà á, láti orí àdírẹ́sì títí dé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e sókè sójú iná. Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Mi ò rí pańpẹ́ kankan níbẹ̀," ni Màmá Zorka wí nígbẹ̀yìn. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọlé lọ búra. Ìyàwó rẹ ń dúró."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ ti wọlé?"

Màmá Zorka yíjú sí ẹ̀rọ omi. Ó mú ife kan, ó ń fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ títí òdòdó ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ayẹyẹ ti parí, Qurban sì ti lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a rí Màmá Zorka ní ibùdókọ̀. Ó wọ aṣọ dúdú tó fi ń lọ ìsìnkú, ó gbé báàgì sáyà, ó wọ bọ́ọ̀sì ìlú ńlá. Ó padà nírọ̀lẹ́, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún lọ. Nígbà tó tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ara wa kò gbà á mọ́. Ẹni tó ti ń fura sí wa láti bí ọgọ́ta ọdún, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Àwọn kan ní àìsàn ni. Àwọn kan ní ó fẹ́ ta ilé. Ìyàwó onílé ọtí sọ pé ọkùnrin ni, a sì rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó. Àmọ́ Merv Haddrill kò rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ẹjọ́ òun ni obìnrin náà ń lọ rò níwájú ìjọba. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó gé igi tó yọ láti ọgbà rẹ̀ sójú títì, ó gba ìwé fún ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ó sì dá ìwé kan padà sí ilé ìkàwé tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbéyàwó.

Noreen mọ̀. Òun ni ìwé gbogbo ń dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kó pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́ débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

Oṣù kẹfà dé. Qurban gbìyànjú lóòótọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Àfi bí Noreen ṣe pe orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ni ọmọkùnrin bá yí padà, ó sáré pẹ̀lú kóòtù pẹ̀lú táì, kò dúró títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń di píìṣì. Noreen wọ ilé ìdáná wá, omi lójú.

"Oṣù kọkànlá ni ìkẹyìn rẹ̀, Màmá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sóhun tí mo lè ṣe fún un mọ́."

"Mo gbọ́," ni Màmá Zorka wí. Kò béèrè ìdí kankan, ìyẹn gan-an ló kó ìpayà bá Noreen.

Ní oṣù kọkànlá, gbọ̀ngàn kún. Ó dà bíi pé gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ti Qurban. Ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó sí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Noreen dúró síwájú pẹ̀lú ìwé. Lẹ́tà A ló ṣáájú, òun ló sì kọ́kọ́ kàn.

"Qurban Ali."

Kò dìde.

"Qurban Ali."

Gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọwọ́ Qurban ti kúrò lórí eékún, ó ti di etí àga mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí sí ọ̀nà ìta.

Ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná bá ṣí. Màmá Zorka jáde. Kò wọ épírónì. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ya irun rẹ̀ dáadáa. Ó ń rìn bọ̀ láàárín wa.

"Màmá," ni Alága wí tẹ̀rùtẹ̀rù, "ṣé tíì ló ní nǹkan ni?"

"Tíì wà lórí iná. Noreen, pe orúkọ tó kàn."

Noreen gbé ìwé sókè. Lẹ́yìn náà la tó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà, nínú mọ́tò, nínú ilé ìwẹ̀, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó gbọ́ èdè náà tó ń pè lórí fóònù. Ó pè é jáde ketekete, bí ìyá rẹ̀ ì bá ṣe pè é:

"Zorka Brajković."

Ìgbà yẹn la tó mọ ohun tó ń lọ ṣe nílùú ńlá. Màmá Zorka dúró sójú kan. A kò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i. Ó ní, "Èmi nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló kọjá lọ síwájú, ó yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Qurban. Bọ́ síbí."

"Màmá, mi ò lè ṣe é."

"Mo mọ̀. Èmi náà ò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ wà níbí nìyẹn, kí n lè máa wò wọ́n dáadáa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá máa mú ọ, wọ́n á mú àwa méjèèjì. Kéèkì sì wà nínú ààrò, kò sẹ́ni tó máa rí i gbé jáde fún wọn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Qurban dìde. Ó rìn bí ẹni tó ń rìn nínú odò, ṣùgbọ́n ó rìn. Ó dé iwájú, Màmá Zorka sì di apá kóòtù rẹ̀ mú gírígírí, bí ọlọ́pàá ṣe ń di olè mú. Wọ́n búra. Màmá Zorka ń wo ẹnu Merv ní gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń dúró díẹ̀ kó tó tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó yọ gíláàsì rẹ̀ jáde lápò níwájú gbogbo èèyàn. Ó ka orúkọ náà. Ó fi ìka tọ àmì kékeré tó wà lórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ó yí ìwé padà, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún yí i padà.

"Báwo ni, Màmá?" ni Merv béèrè.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ló wí. "Ó yẹ ká fura."

Ó gbà wọ́n tó ọdún méjì kí Masuma àti àwọn ọmọ tó dé. Màmá Zorka bá Qurban lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì dúró láàárín tọkọtaya náà kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ara wọn.

"Ìwọ obìnrin yìí, wò ó dáadáa. Ṣé òun ni?"

Qurban túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún aya rẹ̀. Masuma wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo irun rẹ̀ tó ti funfun láàárín ọdún bíi mẹ́sàn-án, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí píìṣì ti bó. Ó ní, "Ó dàgbà ju ẹni tó lọ lọ. Ṣùgbọ́n màá gbà á." Màmá Zorka ní ìyàwó tó lọ́gbọ́n nìyẹn, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ilé Clarrie tó ti ṣófo ni wọ́n kó sí. Masuma kò gbọ́ èdè wa, èyí tí Màmá Zorka sì ń sọ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ti ẹnì kankan, nítorí náà, wọ́n gbọ́ra yé dáadáa. Ọ̀sán ọ̀sán ni wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà, wọ́n á máa bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́ kan náà. Nígbà mìíràn, ìyá á dá ọ̀kan dúró, á gbé e sójú oòrùn, á wò ó. Masuma náà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á wò ó, á mi orí, wọ́n á sì sọ ọ́ nù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òtútù ni Màmá Zorka sùn lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Masuma rò pé oorun lásán ni. Ó mú ṣọ́ọ̀lù bò ó, ó sì parí ẹ̀wà tó kù. Nígbà tó mọ̀ pé kì í ṣe oorun, kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí Qurban fi dé láti ibi iṣẹ́.

A ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, Noreen, Giles, Merv pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. A dúró sínú ọgbà rẹ̀. Merv ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí Màmá ṣe dé ẹnubodè ọ̀run yìí, ó dájú pé àwọn tó wà nídìí ilẹ̀kùn ti ń wá ìwé wọn kiri. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé a di ara wa mú. Lẹ́yìn náà ni Noreen gbé orí lé èjìká Giles, ẹ̀rín rẹ̀ sì di ẹkún, a kò sì mọ ìgbà tí tiwa náà yí padà. Masuma wọlé, ó gbé omi kaná, ó gbé ife jáde wá fún wa níkọ̀ọ̀kan. A jókòó sí àkàsọ̀ ilé Zorka Brajković, a mu tíì náà tán pátá, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ.